Bí Wọ́n Ṣe Fẹ́ Fi TV Box Rọ́pò Kọ̀ǹpútà Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ rò fún yín, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkánjú. Bí ẹ bá gbé ọbẹ̀ kaná, ẹ kọ́kọ́ lọ pa sítóòfù. Jos níbí ló ti ṣẹlẹ̀ sí mi, nínú pálọ̀ èmi fúnra mi, ní Naraguta.

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Láti Èkìtì ni wọ́n ti gbé mi wá sí Plateau nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú, mi ò sì padà mọ́. Ibí ni mo bí gbogbo ọmọ mi sí.

Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà lábẹ́ tẹlifíṣàn mi. Wáyà kan ló so méjèèjì pọ̀, ohun tó bá wà nínú kọ̀ǹpútà, ojú tẹlifíṣàn la ti ń wò ó. Ó ti dàgbà lóòótọ́. Bí ẹ bá tàn án, ẹ lè lọ wẹ̀ kí ó tó ṣí! Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó bá mi rẹ́rìn-ín.

Àwa ará ìlú wa tó wà ní Jos máa ń ṣe ìpàdé ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, ilé mi la sì ti ń ṣe é. A wá rí i pé àwọn ọmọ tí a bí síbí, Hausa yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Bi wọ́n léèrè agbo ilé bàbá wọn, wọn á máa wo òkè àjà. Ni a bá ṣe òfin kan. Àgbà tó bá ti pé àádọ́rin ọdún yóò jókòó síwájú kámẹ́rà, yóò sọ agbo ilé rẹ̀, yóò ki oríkì ìdílé rẹ̀, yóò dárúkọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ máa béèrè bó bá délé. Èmi ni mo ń ya fídíò náà, inú kọ̀ǹpútà mi ni mo sì ń kó wọn sí.

Bí àgbà kan bá kú, ní ìpàdé tó bá tẹ̀lé ìsìnkú, a ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó, a ó tan fídíò náà, wọn á gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe ẹ̀rọ fíìmù lásán?

Fúnmiláyọ̀, àkọ́bí mi, kò rí i bẹ́ẹ̀. Báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì fẹ́ràn kí nǹkan máa dán. Gbogbo ìgbà tó bá wá kí mi ló máa ń bú kọ̀ǹpútà mi.

“Dádì, ẹ wo bó ṣe tóbi! Ẹ sì tún gbọ́ ariwo rẹ̀. Ṣé àgbàdo lẹ fẹ́ fi lọ̀ ni?”

Ó ní TV box, àpótí tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì sójú tẹlifíṣàn, ni gbogbo ayé ń lò báyìí. Ó ní kékeré ni, àtẹ́lẹwọ́ lásán gbà á, ó ní rímóòtù, èèyàn tiẹ̀ lè bá a sọ̀rọ̀ kó dáhùn. Mo bi í pé èdè wo ni mo máa bá a sọ. Ó ní Òyìnbó.

Mo ní, “Ìwọ ni wàá máa bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn. Èmi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ Òyìnbó.”

Mo bi í pé bí nẹ́tíwọ̀kì ò bá sí ńkọ́? Ó ní nẹ́tíwọ̀kì máa wà. Ní Naraguta! Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdúgbò wa, ẹ dákun, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé níbo ni n ó kó àwọn fídíò mi sí nínú nǹkan tí kò tó bébà ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé wa? Ó ní, “Haba Dádì! Gbogbo nǹkan ló wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.”

Mo ní mi ò fẹ́. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé ọmọ òde òní gbọ́?

Mo lọ lo ọjọ́ mélòó kan lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Bukuru. Nígbà tí mo dé, tábìlì abẹ́ tẹlifíṣàn ń dán, fáàsì òdòdó wà níbi tí kọ̀ǹpútà wà tẹ́lẹ̀, àpótí dúdú bín-ín-tín kan sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí aláǹgbá tó ń yáàrùn. Fúnmi ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Dádì, ẹ̀bùn yín rèé!”

Mo bínú, ṣùgbọ́n mo rò pé inú ilé ẹrù ló gbé kọ̀ǹpútà sí. Kí n má purọ́ fún yín, mo gbádùn nǹkan náà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo wo bọ́ọ̀lù. Mo wo ìwàásù. Mo wo bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń kọ́ afárá, mo wò ó títí ọbẹ̀ mi fi jóná!

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni Bọ́sẹ̀ wá. Ìyá rẹ̀ ló ń ta Irish, ọ̀dùnkún Òyìnbó, àti tòmátì ní ọjà Farin Gada, a sì ti sin ín ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Òun nìkan ni ìyá náà bí, bàbá rẹ̀ sì ti kú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Bọ́sẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní òun ń lọ sí Èkìtì lọ́jọ́ Túsìdeè láti lọ túfọ̀ ìyá òun fún àwọn ẹbí.

“Bàbá, wallahi mi ò dé bẹ̀ rí. Mi ò mọ gida, àní ilé tí wọ́n bí Màmá sí. Mo mọ orúkọ ìlú nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́la tí ẹ bá tan fídíò yẹn, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kó má lọ di pé mo dúró ní títì bí àlejò.”

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo sin ín dé ẹnu ọ̀nà, mo wá ṣí ilé ẹrù. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀! Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Òfo!

Mo pe Fúnmi. Ó ní, “Kọ̀ǹpútà wo? Ah, Dádì, mo ti fi ṣe pàṣípààrọ̀ o. Malam Sani tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ní Angwan Rogo, òun ló gbà á, tó fún wa ní box.”

Mo bi í pé àwọn fídíò àwọn àgbà ńkọ́?

Ó ní, “Ṣebí orí tẹlifíṣàn la ti ń wò wọ́n? Mo rò pé wọ́n wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Box máa gbé e jáde.”

Ẹ gbọ́ mi o! Ọmọ tó kàwé gboyè! Ó rò pé oríkì Màmá Bọ́sẹ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì! Ta ni ì bá gbé e síbẹ̀? Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó wà láyé, inú kọ̀ǹpútà yẹn ló wà.

Mo yọ box kúrò lára tẹlifíṣàn, mo gbé e sínú ọ̀rá, mo ní kí Fúnmi wá fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ sí Angwan Rogo kíákíá. Ó ń bẹ̀bẹ̀ lọ́nà, mo ní kó máa wo iwájú.

Ìgbà tí a wọ ṣọ́ọ̀bù Malam Sani, mo rí kọ̀ǹpútà mi lórí tábìlì, wọ́n ti ṣí ikùn rẹ̀ sílẹ̀. Oníbàárà kan dúró tì í. Háàdì dísìkì, ibi tí gbogbo fídíò ń gbé gan-an, ti wà lọ́wọ́ Sani. Ó fẹ́ nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò kó tà á fún oníbàárà náà.

Mo ní, “Malam, gbé e sílẹ̀.”

Ó wò mí. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, “Baba, ina wuni?” Mo ní lafiya lau, ṣùgbọ́n gbé e sílẹ̀ ná!

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ mi ló mú un wá, àdéhùn sì ti parí. Oníbàárà náà dá sí i, ó ní òun ti ń dúró láti àárọ̀. Mo fa bẹ́ǹṣì kan, mo jókòó síwájú tábìlì gan-an. Mo ní ẹni tó bá máa nu dísìkì yẹn, kó kọ́kọ́ wá gbé mi síta. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí, orúnkún ń dùn mí, mi ò sì ní dìde.

Fúnmi ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Dádì, àwọn èèyàn ń wò wá.” Mo ní kí wọ́n wò wá dáadáa.

Sani bi mí pé kí ló wà níbẹ̀ tó le tó báyìí. Mo fi Hausa sọ ọ́ fún un kó lè yé e: àwọn àgbà wa tó ti kú ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọmọ ọ̀kan nínú wọn sì ń lọ sílé lọ́jọ́ Túsìdeè, kò mọ ilé tó ń lọ. Mo gbé box sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní gba tìrẹ, fún mi ní tèmi.

Ó gbé box náà yẹ̀ wò. Ó ní, “Haba Baba! Èyí tí ẹ ti lò fún ọ̀sẹ̀ kan?”

Mo ní, “Ìwọ tí o ti ṣí ikùn tèmi láì béèrè lọ́wọ́ onílé ńkọ́?”

Oníbàárà yẹn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Sani náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “To, Baba, shi ke nan,” ó sì dá dísìkì padà sí ààyè rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun ti yọ nǹkan kékeré kan nínú rẹ̀ tà, kò ní yára tó tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo ní kò burú, èmi náà ò yára tó tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo gbé e mọ́ àyà mi títí dé Naraguta.

Lọ́jọ́ kejì, pálọ̀ kún. Kọ̀ǹpútà ń pariwo, ó ń pariwo, kò ṣí! Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago. Bọ́sẹ̀ di ìwé àti bírò mú. Fúnmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí n sọ òótọ́, ẹ̀rù bà mí.

Ó wá ṣí. Màmá Bọ́sẹ̀ yọ lójú tẹlifíṣàn, gèlè rẹ̀ wọ́ díẹ̀, ó ń pe ilé ní “ulé” bí àwa Èkìtì ti í ṣe. Ó sọ agbo ilé. Ó ki oríkì. Ó ní kí ọmọ òun béèrè àbúrò òun tó kéré jù, tó ní àpá ní iwájú orí. Bọ́sẹ̀ ké, “Wayyo, Màmá!” bírò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fúnmi ló he é, òun ló bá a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a tan fídíò náà.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, Bọ́sẹ̀ pè mí láti Èkìtì. Ó ní òun dúró ní ẹnu ọ̀nà agbo ilé náà, ojú ń ti òun, òun sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka oríkì náà nínú ìwé. Kò tíì kà á dé ìdajì tí ìyá àgbà kan fi jáde, tó gba oríkì náà mọ́ ọn lẹ́nu, tó sì ki ìyókù rẹ̀ dé òpin. Ó ní àpá wà ní iwájú orí ìyá àgbà náà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò bú TV box. Bó bá wù yín, ẹ rà á. Nǹkan àwọn ẹlòmíì ló ń fi hàn yín, ó sì ń fi hàn yín dáadáa. Ṣùgbọ́n kò mọ ìyá yín! Ẹ̀bi èmi náà wà níbẹ̀ o, pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ni mo ní. Ní báyìí mo ti ṣe mẹ́ta, ọ̀kan wà lọ́wọ́ Fúnmi, akọ̀wé ìpàdé sì mú ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mi ò kúrò níbi tó wà. Kó pariwo! Kó falẹ̀! Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó jókòó sí yàrá kejì.

Ẹ̀yin ńkọ́? Níbo ni ohùn àwọn àgbà ilé yín wà lónìí? Ṣé wọ́n ti fẹ́ gbé tiyín náà dànù rí nítorí pé ó ti gbó? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, n ó kà á. Bẹ́ẹ̀ ni, bí bàbá tàbí ìyá yín bá ṣì wà láyé, ẹ kọ́kọ́ lọ gba ohùn wọn sílẹ̀ ná, kí ẹ tó padà wá dá mi lóhùn.