Omi Eérú Tí Wọ́n Fi Wẹ Ẹsẹ̀ Ìyàwó Mi

Ojú mi ló ṣe. Kò sí ẹni tó ròyìn rẹ̀ fún mi, n kò sì gbọ́ ọ lójú ọ̀nà oko. Ibi tí mo jókòó sí lọ́jọ́ náà kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó mi. Mo rí igbá, mo rí omi, mo rí ọwọ́ tó bù ú. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ ọ́ lọ́nà mìíràn fún yín, àgbọ́sọ ni tirẹ̀.

Ìwé méjì péré ni mo kà kí bàbá mi tó fà mí wọ oko kòkó. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sí géńdé kan ní gbogbo Ìlogbò tí kòkó rẹ̀ ń gbẹ dáadáa bíi tèmi. Mo ga, mo tóbi níwọ̀n, awọ ara mi sì ń dán débi pé àwọn obìnrin a máa bi mí léèrè ohun tí mo fi ń para. N kì í fi nǹkan kan para. Ọṣẹ ìyá mi ni. Láti Aramọkọ títí dé Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n ti ń wá ra ọṣẹ dúdú lọ́wọ́ rẹ̀. Tí a bá fọ́ kòkó tán, a óò sá èèpo rẹ̀ gbẹ, a óò sun ún di eérú. Ìyá mi yóò da eérú náà sínú ìkòkò tó lu nídìí, yóò máa rọra da omi lé e. Omi tó bá ń kán sísàlẹ̀, tó pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, òun là ń pè ní omi eérú. Yóò gbé e kaná títí yóò fi ki. Kò ní òṣùwọ̀n mìíràn ju ìyẹ́ adìyẹ lọ. Yóò ti ìyẹ́ bọ inú omi náà, tó bá jáde tó ṣẹ́ ku ọ̀pá rẹ̀ nìkan, omi ti gbó nìyẹn, ó tó láti pò mọ́ àdín.

Ọmọ tíṣà ni ìyàwó tí mo fẹ́, ará Ìjerò. Ìwé wọn kò bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bàbá rẹ̀ kò fẹ́ mi dénú. Ọmọ ló ní èmi ni, bàbá sì gbà nítorí ọmọ. Láti ọjọ́ ìtọrọ ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Mo ń ṣọ́ ẹnu mi, mo ń ṣọ́ ẹnu àwọn ará ilé mi, kí nǹkan kan má baà ṣẹlẹ̀ tí bàbá náà yóò fi rí ohun tó ń wá.

Lẹ́yìn ìsìn ìgbéyàwó, ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n mú ìyàwó wá sílé wa. Ẹ mọ àṣà wa. Ìyàwó kì í kọjá ẹnu ọ̀nà láìjẹ́ pé àwọn obìnrin ilé fi omi tútù wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, a kì í sì í nu omi náà, fúnra rẹ̀ ni yóò gbẹ. Ìyáálé ilé wa, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló máa ń wẹ̀ ẹ́. Ìkòkò omi rẹ̀ a máa wà lápá ọ̀tún ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn alásè ti gba ilé ìdáná pátápátá, wọ́n sì ti gbé ìkòkò omi eérú ìyá mi jáde kí ẹnikẹ́ni má baà fi se ọbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbé e sí, wọ́n fi ewé bò ó, wọ́n sì ti ìkòkò omi tútù sẹ́yìn. Amọ̀kòkò kan náà ló mọ méjèèjì.

Ìyáálé ṣí ewé, ó bu omi.

"Màmá, omi yìí ń yọ̀," ìyàwó mi wí.

"Ẹsẹ̀ rẹ ló ń yọ̀, ìyàwó. Ìpara àwọn tíṣà ni."

"Ẹ rọra o," obìnrin ilé kan dá sí i, "kí ẹ má fọ Ìjerò kúrò lára rẹ̀ tán."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyáálé dìde, ó lọ ṣan ọwọ́ rẹ̀ nítorí ó fẹ́ bu iyán fún àwọn àlejò. Ìyàwó mi wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun rẹ̀ padà, ó wọ bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀ tí a rà fún ìgbéyàwó, ó wọlé, ó jókòó sáàárín àwọn àgbà. Àdúrà bẹ̀rẹ̀. Àgbà ilé wa kò mọ àdúrà kúkúrú. Èyí bá parí, òmíràn á tún gbà á látìbẹ̀rẹ̀. Mo rí i tí ìyàwó mi ń fi ẹsẹ̀ kan ha ìkejì.

"Bàtà yìí ń ta mí," ó sọ fún àbúrò ìyá rẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá.

"Fara dà á. Wọ́n ń ṣàdúrà fún ọ."

Nígbà tó yá, kò sọ pé bàtà ló ń ta òun mọ́. Ó ní, "Ó ń jó mi." A bọ́ bàtà. A fa ìbọ̀sẹ̀. Awọ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé ìbọ̀sẹ̀ bí ìgbà tí a ń bó èèpo iṣu tó jinná. Ìyá mi sáré wọlé, ó rí i, ó tún sáré jáde lọ wo ìkòkò. Mo gbọ́ tó ń béèrè níta pé, "Ta ló ṣí omi eérú mi?"

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ilé ní kí a da epo sí i. Òmíràn ní ọsàn wẹ́wẹ́ ni, pé kíkan rẹ̀ yóò pa agbára eérú. Mo lé gbogbo wọn sẹ́yìn. Omi ni mo ní kí wọ́n máa gbé wá, mo ń dà á, mo ń dà á, títí ẹnu ọ̀nà fi di ẹrẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá ní ilé ìwòsàn kan ní Aramọkọ yìn mí fún un, lójú gbogbo ènìyàn. Ìyìn náà kò dùn mọ́ mi, nítorí ohun tó sọ tẹ̀ lé e.

"Awọ tí ẹ ń wò yìí kì í ṣe ẹyọ kan," ó ní. "Èyí tó wà lókè ti kú tẹ́lẹ̀, òun là ń fi kànrìnkàn bó dànù lójoojúmọ́. Ó nípọn ní àtẹ́lẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ kò fi bó. Ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀, ó fẹ́lẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ni èyí tó wà láàyè wà. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà, ibẹ̀ ni òógùn ti ń jáde, ibẹ̀ ni irun ta gbòǹgbò sí, òun náà la sì fi ń mọ̀ pé nǹkan ń dun ni. Tí omi yẹn bá ti jẹ dé ibẹ̀, kò ní í rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

"Báwo la ṣe máa mọ̀?"

"Màá fi abẹ́rẹ́ gún un. Tó bá dùn ún, ẹ dúpẹ́."

Ẹ wo ohun tí ojú mi rí. Èmi ọkọ ìyàwó dúró, mo ń gbàdúrà kí ìyàwó mi ké. Nọ́ọ̀sì gún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ké. Mo dúpẹ́. Ó gún ọrùn ẹsẹ̀ òsì, ó dákẹ́. Ó gún ìdí ọmọ ìka méjì tó kẹ́yìn ní òsì, ó dákẹ́.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n lára?" nọ́ọ̀sì béèrè.

"Kí ni?" ìyàwó mi dáhùn.

Òógùn bò mí. Mo béèrè nípa èékánná. Ìyá mi ti sọ ọ̀rọ̀ ìyẹ́ adìyẹ fún nọ́ọ̀sì náà, òun ló sì fi dá mi lóhùn: "Èékánná, irun, ìyẹ́ adìyẹ, ẹbí kan náà ni wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn máa bọ́. Tí ìdí wọn bá wà láàyè, wọ́n máa hù."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá ìyàwó mi dé ilé wa. Kò pariwo. Ó béèrè ẹni tó wẹ ẹsẹ̀ ọmọ òun. Ìyáálé wa jáde, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ náà.

"Omi kan náà," bàbá ní. "Ọmọ mi bó, ẹ̀yin kò bó."

"Mo ṣan ọwọ́ láti bu iyán ni, bàbá ìyàwó."

"Ẹ mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ ṣan án nìyẹn."

Ó gba ilé ìwòsàn gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìjerò. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo ìlú ti ń sọ ọ́ pé ilé wa ń fi oró wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó. N kò lè jẹun. Tí wọn kò bá dá a padà fún mi, kò sí ẹni tí yóò tún fi ọmọ fún ilé wa láéláé, n kò sì fẹ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Ohun tí mo wá ṣe, kò sí ọ̀mọ̀wé tó lè ṣe é. Mo rọ omi eérú tó kù sínú kẹ́ẹ̀gì, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjerò. Nínú pálọ̀ àna mi, mo ká ṣòkòtò sókè, mo da omi náà sínú abọ́, mo ki ẹsẹ̀ mi méjèèjì bọ̀ ọ́. Mo ṣan ọ̀tún lójú ẹsẹ̀. N kò ṣan òsì, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà lé e.

"Bàbá," mo ní, "ẹ jẹ́ kí a máa tàkúrọ̀sọ."

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin ń wò mí. "Ṣé bí ẹ ṣe ń wá kí àna yín nìyí ní Ìlogbò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Àwọn tí kò láyà ló ń gbé iṣu wá."

Ní àkọ́kọ́, ó kàn ń yọ̀ ni. Lẹ́yìn náà ó ń yún mi. Lẹ́yìn náà, bí ìgbà tí ìjàlọ kún inú bàtà. N kò yí ojú padà.

"Bọ́ bàtà yẹn," bàbá ní.

"Kò tíì tó bí àwọn àgbà wa ṣe gbàdúrà tó, bàbá."

Òun fúnra rẹ̀ ló dìde tó kúnlẹ̀ tó bọ́ ọ. Awọ tẹ̀ lé ìbọ̀sẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ọ̀tún tí mo ṣan, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wo òsì. Ìyàwó mi ti jáde sí ẹnu ìlẹ̀kùn yàrá, ó di ògiri mú.

"Orí yín dàrú," ó sọ fún mi jẹ́jẹ́.

Bàbá padà jókòó. "Mo ti rí i pé kì í ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n pé mo rí i kò wo ẹsẹ̀ ọmọ mi sàn. Nígbà tí gbogbo èékánná rẹ̀ bá hù tán, kí o wá mú ìyàwó rẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń dúró de èékánná. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dúró dè é rí, ẹ kò mọ̀ pé ti ẹsẹ̀ kì í yára bíi ti ọwọ́. Mo ń gé ti ọwọ́ mi, mo tún ń gé e, èyí tí mò ń wá kò tíì yọ bí ìrẹsì. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni mò ń lọ sí Ìjerò. Wọ́n ní olùkọ́ kan tí kò tíì níyàwó ládùúgbò wọn ti ń wá bá bàbá ta ayò ní ìrọ̀lẹ́. Mo bá a níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó wọ bàtà tó ń dán. Lọ́jọ́ náà n kò lè sùn.

Àwọn èékánná ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí gbágungbàgun, wọ́n tún ń tẹ́jú. Ó wá ku ọmọ ìka méjì tó kẹ́yìn ní òsì. Bàbá á wọ awò ojú rẹ̀, á tẹ̀ síwájú. "Méjì ṣì kù." Mo máa padà sílé. Mo tún máa lọ. "Méjì ṣì kù." Ibẹ̀ ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí.

Ìyàwó mi ló fòpin sí ọ̀rọ̀ náà. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lábẹ́ ojú bàbá rẹ̀. "Bàbá, abẹ́rẹ́ gún ibẹ̀, n kò mọ̀. Ohun tó ti kú ni ẹ ní kí a máa dúró dè."

Bàbá bọ́ awò ojú, ó nù ún fún ìgbà pípẹ́. "Lọ di ẹrù rẹ," ó ní.

Lójú ọ̀nà, ìyàwó mi sọ fún mi pé òun kò ní gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé mọ́. Mo gba yàrá méjì sí Aramọkọ. Ìyá mi ń wá kí wa, ṣùgbọ́n ìta ló máa ń jókòó sí. Tí ìyàwó mi bá ní kó wọlé, á ní, "Ulé yín tutù, ọmọ mi, ibí dáa."

Ohun tó bá ọ̀rọ̀ náà lọ nìyí. Èékánná ẹsẹ̀ ìyàwó mi mẹ́sàn-án bọ́, méje hù. Tèmi mẹ́ta bọ́, mẹ́ta hù. Irun ọrùn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò padà, ibẹ̀ kì í làágùn, eṣinṣin lè bà lé e kó má mọ̀. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo fi jẹ́ ọkọ tí kò níyàwó nílé. Ìkòkò ọṣẹ ìyá mi mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò gbé wọn kaná mọ́. Ìyáálé wa kò sì wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó kankan mọ́ títí tó fi kú.