Ìwé Ọkàn Tollef àti ti Bolette

Ní ìlú Stavanger, láyé ìgbà tí ẹja ṣáwá ṣì ń ya wọ èbúté bí eṣú, kò sẹ́ni tí kò mọ Tollef àti Bolette ìyàwó rẹ̀. Ẹja àti iyọ̀ ni wọ́n ń tà. Ọkọ ló ń bá àwọn apẹja dúnàádúrà létí omi. Ìyàwó ló wà nílé ìtajà, tó ń gbóòórùn àgbá kọ̀ọ̀kan kó tó gbà á wọlé. Wọ́n wà lára àwọn tó ń pe ara wọn ní Ọ̀rẹ́, àwọn onígbàgbọ́ tí kì í mutí, tí kì í jó, tí wọ́n ń ṣe ìpàdé àdúrà ní pálọ̀ ara wọn, bí pásítọ̀ ìlú tilẹ̀ ń fojú burúkú wò wọ́n.

Láàárín àwọn Ọ̀rẹ́, kálukú ló ní ìwé ọkàn, tó ń kọ bí òun àti Ọlọ́run ṣe jọ lo ọjọ́ náà sí. Nílé Tollef, tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí wọ́n jẹ ọ̀dùnkún àti ṣáwá tán, tọkọtaya á ka tiwọn síra wọn létí.

Ti Tollef gùn, ó sì wúwo bí àgbá iyọ̀. “Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ni mo jí. Ọkàn mi gbẹ bí ẹja orí àpáta.” Báyìí ni yóò ṣe máa bá a lọ títí iná yóò fi rẹlẹ̀. Ti Bolette kì í pẹ́ tán: “Òjò rọ̀. Màálù aládùúgbò bí akọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa fún kọfí.”

“Ìyá Malene,” Tollef á ní, “kí ni kọfí wá ṣe nínú ọ̀rọ̀ ọkàn?” Malene ni ọmọ wọn tó lọ sílé ọkọ ní Bergen.

“Ẹ jẹ́ kí n má rí i mu láàárọ̀ ọ̀la, ẹ ó mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀.”

Nígbà tó di àkókò ààwẹ̀ ọdún kan, Tollef ṣí ìwé rẹ̀, ó gbóhùn sókè: “Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: aya mi bínú nítorí bọ́tà. Ọjọ́rú: aya mi sọ̀rọ̀ ìyàwó pásítọ̀ láìdáa. Ọjọ́bọ̀: aya mi gbéra ga nítorí ìborùn tuntun. Mo sunkún.”

Bolette gbé ìbọ̀sẹ̀ tó ń hun sílẹ̀. “Bàbá Malene, ẹ̀ṣẹ̀ ta ni ẹ ń jẹ́wọ́ yìí?”

Tollef họ irùngbọ̀n. “Ẹ̀ṣẹ̀ ilé wa ni.”

“Ṣé ilé ló bínú nítorí bọ́tà?”

“Ọkọ ni orí aya. Bíbélì ló wí bẹ́ẹ̀.”

“Ó dáa. Tí orí bá ń jẹ́wọ́ fún ara, ara náà á jẹ́wọ́ fún orí.”

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bolette ka tirẹ̀: “Ọjọ́ Ìsinmi: Bàbá Malene sùn nígbà ìwàásù, ó sì ń hanrun. Mo bá a ronú pìwà dà. Ọjọ́ Ajé: Bàbá Malene ní òun ń gbààwẹ̀. Mo rí egungun àgùntàn lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Mo sunkún díẹ̀, mo wá gbé egungun náà fún ológbò, tí ara rẹ̀ kò yá.”

Tollef kò rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí Elling oníwàásù fi dé sílùú. Àgbẹ̀ àgbàlagbà láti àárín àwọn òkè ni Elling, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn láti ìlú dé ìlú, á sì máa hun ìbọ̀sẹ̀ bó ṣe ń rìn. Tollef gbé ẹjọ́ náà fún un.

“Ẹ ka méjèèjì kí n gbọ́,” ni Elling wí.

Tollef ló kọ́kọ́ kà. Kò tíì jìnnà tí ọwọ́ Elling fi rọ̀ lórí òwú, tí àgbọ̀n rẹ̀ sì kan àyà. Bolette wúkọ́.

“Àmín,” Elling ta jí.

“Mi ò tíì dé ibi àmín, Arákùnrin,” Tollef wí.

Ó wá kan Bolette. Elling gbọ́ ti màálù, ó gbọ́ ti egungun, ó rẹ́rìn-ín títí òwú rẹ̀ fi yí lọ sábẹ́ àga. “Ológbò yẹn ńkọ́? Ara rẹ̀ ti wá yá? Arábìnrin, ṣé kò sí ìyókù ni?”

Tollef pa ìwé rẹ̀ dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní òun fẹ́ lọ wo àwọn ọkọ̀, ó sì jáde.

Bolette ti rò pé inú òun á dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín Elling korò lẹ́nu Bolette bí oògùn.

“Ọ̀nà jíjìn ni mo rìn wá,” Elling wí, ojú ń tì í. “Àárẹ̀ ni, kì í ṣe ìwé rẹ̀.”

“Ìwé rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ló yẹ kó máa sùn sí i.”

Ó mú ìwé ọkọ rẹ̀, ó bá a létí omi, níbi tó jókòó sí lórí àgbá òfìfo.

“Ẹ kà á fún mi.”

“O ti gbọ́ ọ.”

“Ti ọ̀sẹ̀ yìí ni mo gbọ́. Ọdún tí Sivert lọ, a ò kàwé síra wa. Ẹ ka tìgbà yẹn.”

Sivert ni àbíkẹ́yìn wọn, ibà ló pa á. Tollef ṣí ìwé títí ó fi kan ojú ewé kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ó kà á: “Lónìí a sin Sivert. Bolette di ọwọ́ mi mú. Mi ò rí nǹkan mìíràn kọ.”

Àwọn ẹyẹ òkun ń pariwo lórí ìfun ẹja.

“Ìyẹn ò gùn,” Bolette wí níkẹyìn.

“Kò gùn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa kọ ọ́.”

“Ṣé kí n máa kọ ọ́ ní kúkúrú ni, àbí kí n máa kọ nípa rẹ?”

“Méjèèjì. Ẹ ṣáà fi ẹ̀ṣẹ̀ mi sílẹ̀ fún mi, èmi ni mo ni ín.”

Ìgbà yẹn ni Tollef tó rẹ́rìn-ín.

Kò ṣàì padà sí kíkọ gbọọrọ nígbàkigbà tí ẹja bá wọ́n, ṣùgbọ́n ó gbìyànjú. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìlà kan ṣoṣo ni Bolette kà: “Mo fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àlejò, ó sì dùn mí.”

Tollef fi igi sínú iná, ó ní kó jọ̀ọ́ tún un kà.

“Rárá o,” Bolette wí, ó sì mú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. “Ẹ ti gbọ́ ọ.”