Ọwọ́ Òsì Ìyá Mi

Mo rántí ìgbà tí òórùn kíkan fíìmù àtijọ́ kì í kúrò ní ìka mi, bí mo tilẹ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá mi, tó jẹ́ ayàwòrán ní ọjà Waterside, nílẹ̀ àjèjì tí a ń gbé, kí ogun tó dé, ló fi fíìmù dúdú-àti-funfun wọ̀nyẹn sílẹ̀ fún mi nínú agolo bisikíìtì kan. Ogun ti jó gbogbo fọ́tò ilé wa. Inú agolo yẹn nìkan ni ojú ìyá mi kù sí: fíìmù kan ṣoṣo, níbi tó ti ń bu ìrẹsì fún bàbá arúgbó kan lẹ́yìn ìsìn.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, Yorùbá bíi tèmi, tí mo mú bí àbúrò nítorí pé a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, la jọ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Logan Town. A ra sikáànà àlòkù. A máa ń fi ka fíìmù sínú kọ̀ǹpútà, a ó fún àwòrán ní àwọ̀ omi tíì, a ó wá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó nípọn. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ náà, mo sì ń ṣe bí ọ̀gá ńlá: "Wò ó dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ kan ń dán, èkejì kò dán. Bí o bá gbé e kalẹ̀ lódì, ọ̀tún á di òsì." Á ní, "Yes, ọ̀gá," orí mi á wú. Àṣé olè ni mo ń kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Lásìkò òjò kan, ibà dá mi dúró sílé. Ọ̀rẹ́ mi yìí wá bá mi, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ẹ̀gbọ́n, rain spoil everything o. Omi wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ti gbé agolo yẹn lọ." Mo sunkún bí ẹni pé ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Òun náà ló dì mí mú, tó ń gbàdúrà fún mi.

Ní ọdún kejì, mo lọ ra bébà ní ELWA Junction, mo rí ìpàtẹ fọ́tò nínú gbọ̀ngàn kan, mo sì yà wọlé. Àwọn ìyá Yorùbá méjì ń pòṣé níwájú àwòrán kan.

"Ẹ wo obìnrin yìí! Ọwọ́ òsì ló fi ń bu oúnjẹ fún àgbàlagbà. Ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni?"

Mo gbójú sókè. Ìyá mi ni. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé bàbá ọ̀rẹ́ mi ló ya fọ́tò náà. Ìkánjú olè ló jẹ́ kó gbé fíìmù kalẹ̀ lódì, ọmọ Yorùbá sì ni, síbẹ̀ kò rí i pé ọ̀tún ti di òsì. Mo sọ fún àwọn ìyá náà pé ọwọ́ ọ̀tún ni ìyá mi fi ń fúnni ní nǹkan. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín músẹ́: "Fọ́tò kì í purọ́, ọmọ mi."

Mo wá ọ̀rẹ́ mi rí lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Mo ní fíìmù mi dà? Ó ní àlejò tó ṣètò ìpàtẹ ti kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ìlú òun. "Ah-ah, ẹ̀gbọ́n, da just picture. Ẹ má bínú." Ó dùn mí dé egungun. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fẹ̀gún sọ́wọ́.

Ọdún ti gorí ọdún báyìí, a ṣì jọ ń kọrin. Pásítọ̀ pè wá síwájú ìjọ láti parí ìjà. Mo dì mọ́ ọn, mo ní mo ti dárí jì í, gbogbo ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Irọ́ ni mo pa, nínú ilé Ọlọ́run, n kò sì tíì bẹ Ọlọ́run pé kó dárí èyí jì mí.