Ìfọ́tí Tí Àbúrò Mi Kò Gbá Mi

Wọ́n ń pè mí ní ẹni tó gbọ́ èdè òyìnbó ní Ìjẹ̀bú-Òde, inú sì máa ń bí mi. Ẹni tó bá pè mí bẹ́ẹ̀ ní gbangba, mi ò ní dá a lóhùn. Wọ́n rò pé ìgbéraga ni.

Bàbá mi ń ta epo ní ọjà Èjìnrìn fún àwọn oníṣòwò Èkó. Wọ́n máa ń fi ìwé lé e lọ́wọ́ tí kò lè kà, ó sì fẹ́ kí ọmọ òun kan mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà náà, kò sí ilé ìwé ní ìlú wa, a kì í sì í jẹ́ kí òyìnbó wọlé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré, tí òyìnbó gbà sílẹ̀, tó dàgbà ní Sàró kó tó padà wá sí ilé bàbá rẹ̀. Ó ń kọ́ ọmọ mẹ́fà ní Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Bàbá mi mú èmi àti àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, lọ bá a. Ó ní ẹni tí orí rẹ̀ bá jí jù nínú àwa méjèèjì ni yóò máa ka ìwé fún òun.

Tíṣà yìí kì í ṣàlàyé. Yóò gbé nǹkan sókè, ife tàbí okùn tàbí abẹ́rẹ́, yóò pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwa yóò pariwo tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ kejì yóò bi wá léèrè, láti orí ẹni tó dàgbà jù dé orí ẹni tó kéré jù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ni yóò dìde gbá gbogbo àwọn tó ti kùnà létí. Ó ní ìtìjú ni wọ́n fi kọ́ òun ní Sàró, òun sì gbọ́n. Ọgbọ́n wo nìyẹn? Kò pẹ́ tí àwọn kan nínú wa fi ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nítorí etí ẹlòmíràn nìkan. Ọmọ aláṣọ kan tilẹ̀ ń fi epo pa ọwọ́ láràárọ̀ kí ìfọ́tí rẹ̀ lè dún.

Orí mi kò jí. Ti àbúrò mi ló jí, òun ló sì kéré jù níbẹ̀. Bí a bá ń lọ pọnmi, yóò máa fi Gẹ̀ẹ́sì pe ohun gbogbo tí tíṣà ti fi hàn wá, yóò ní kí n tún un pè. Ṣùgbọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tíṣà, bí mo bá ti kùnà tó sì kàn án, "Mi ò mọ̀" ni. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ lọ́nà odò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n wá gbá yín létí ni?" ó ní. "Ọwọ́ tí mo fi ń gbé oúnjẹ fún yín?"

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Tíṣà ní kó tó etí ẹ̀gbọ́n. Mo ṣì ń bú u títí dòní.

Lọ́jọ́ kan tíṣà ránṣẹ́ pe bàbá mi, ó ní òpè ni ọmọbìnrin náà, kí ó mú un lọ. Bàbá mi ní kí ó bi í léèrè lójú òun. Tíṣà gbé kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀ sókè. Àwọn tó jù mí lọ kùnà. Èmi náà kùnà, bẹ́ẹ̀ àbúrò mi ti pè é fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà lọ́nà odò. Ó wá kàn án.

Ó wò mí. Bí mo bá ní, "Sọ ọ́, kí o sì gbá mi," yóò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi dúró níbẹ̀, ojú sì ń tì mí kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kàn mí. Mo wolẹ̀.

"Mi ò mọ̀," ó ní.

Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ìbátan wa kan ní Odògbolú láti máa ta ata. Èmi dúró sọ́dọ̀ tíṣà títí mo fi mọ̀wé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n èmi wà níbẹ̀. Mo bú tíṣà, mo bú bàbá mi, ẹni tó yẹ kí n kọ́kọ́ bú ni mo fi sílẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá mo lọ kí àbúrò mi. Ó ti darúgbó, èmi náà ti darúgbó. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ ilé mi sókè, mo ní kí ni òyìnbó ń pè é. Ó wò ó pẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀," ó ní.

Lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ni.