Ìṣáná àti bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹtiróòlù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, díẹ̀ ló kù kí n dáná sun ìyàwó mi lọ́sàn-án òní.

Èmi fúnra mi ni mò ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi tó ti gbó ṣe, torí agbára mi ò ká owó mẹkáníìkì.

Òjò ń rọ̀ ní Yeoville, àdúgbò wa níbí, mo bá kó àwọn písítìnì, àwọn irin inú ẹ́ńjìnnì náà, wọ kíṣìnnì. Mo ti gbogbo fèrèsé nítorí òtútù, mo da pẹtiróòlù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ń fi fọ̀ wọ́n.

Bí mo ṣe gbójú sókè, ìyàwó mi ti wà nídìí gáàsì, ó fẹ́ ṣáná! Ọ̀fìnkìn ti dí i nímú láti àná, kò gbóòórùn rárá.

Mo fò mọ́ ọn, mo gba ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Tọ́lá, kí ló dé?"

"Pẹtiróòlù ni!"

Ó wo bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó bú sẹ́kún. "Eish! Ẹ fẹ́ sọ Tọ́lá di ọmọ òrukàn nítorí ọkọ̀?"

Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà jáde sínú òjò, a ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Búrẹ́dì la jẹ, kò sẹ́ni tó láyà láti tan gáàsì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ọkọ̀ ṣe nílé, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ń fọ irin yín?