Ọbẹ̀ Tòmátì Tí A Fi Àdá Gé

Òórùn ni ó kọ́kọ́ mú mi, kí n tó rí ìkòkò rárá. Wọ́n ń yan ẹ̀lùbọ́ nínú òróró gbígbóná pẹ̀lú àlùbọ́sà, òórùn náà sì jáde láti ilé ìdáná wá bá mi lórí àga tí wọ́n fún mi ní àgbàlá, ní abúlé Kika, ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ fojú han àwọn òbí ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Mo ti múra sílẹ̀ dáadáa. Mo wọ ẹ̀wù tí mo lọ̀ títí ó fi lè dá dúró, mo ti kọ́ bí màá ṣe dọ̀bálẹ̀ tí eruku kò ní wọ̀ mí lẹ́nu, ọ̀rẹ́ mi kan sì ti kìlọ̀ fún mi pé ẹni tó bá ń tọrọ ìyàwó kì í jẹun yó nílé àna. Ó ní kí n bù ú lẹ́ẹ̀mẹta, kí n dúpẹ́, kí n fọwọ́. Ìmọ̀ràn rere ni. Mo gbà á tọkàntọkàn.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọbẹ̀ náà yóò rí báyẹn. Wọ́n gbé iṣu sísè wá, ó ń rú èéfín, pẹ̀lú abọ́ ọbẹ̀ tòmátì tí kò ki jù, tí kò sì ṣàn jù. Bí mo ti ki iṣu bọ̀ ọ́, ọbẹ̀ dì mọ́ iṣu bí ọmọ ṣe ń dì mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Mo gbé e sókè, kò kán sílẹ̀. Wàrà tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, ń dún kín-ín kín-ín lábẹ́ eyín mi. Mo bù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bu ẹ̀ẹ̀kẹrin kí n lè mọ̀ bóyá ẹ̀ẹ̀kẹta dùn lóòótọ́. Nígbà tí ojú mi yóò fi là, mo ti ń fi èérún iṣu nu ìdí abọ́, mo sì gbọ́ ohùn kan tó ń béèrè pé, "Màmá, ṣé ó kù?" Ohùn mi ni.

Àfẹ́sọ́nà mi fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Bàbá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ewúrẹ́ tó wọ oko iṣu.

"Bóyá ọbẹ̀ ló wá fẹ́," ni ó wí.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti ní ìsinmi. Iṣẹ́ zémì ni mo ń ṣe ní Tchaourou, mo ń fi alùpùpù gbé èrò, kò sì sí èrò tí mo gbé tí mi ò bi léèrè bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ tòmátì àárọ̀ nílé wọn. Ìyá kan tó gbé adìyẹ lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó ní òun yóò fẹsẹ̀ rìn, nítorí mo yíjú padà sọ̀rọ̀ àlùbọ́sà fún un títí a fi fẹ́ wọ igbó kajú. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Mi ò bá wọn jiyàn, àmọ́ wọn ò tí ì dé ilé ìdáná ìyá àna mi. Ẹ̀lùbọ́ ló pa ọbẹ̀ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, nítorí àwọn ènìyàn máa ń ba nǹkan yìí jẹ́. Tòmátì ìbílẹ̀ ni kí ẹ lò, èyí tó ní ìlà lára bí elégédé kékeré. Orí ọlọ ni kí ẹ ti lọ̀ ọ́, kì í ṣe nínú ẹ̀rọ, nítorí ẹ̀rọ máa ń mú un hó bí ọṣẹ. Òróró ni yóò kọ́kọ́ gbóná, àlùbọ́sà yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ẹ óò wọ́n ẹ̀lùbọ́ tí a ti jọ̀ dáadáa sí i, kí ẹ máa rò ó, kí ẹ má bojú wẹ̀yìn, kí ẹ má dá ẹnikẹ́ni tó bá kí yín lóhùn. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti dà bíi kajú yíyan, ó tó. Bó bá dà bí erùpẹ̀ ojú ọ̀nà Kika, ó ti kọjá. Nígbà náà ni tòmátì yóò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀, kó má baà ṣù. Ata, iyọ̀, irú díẹ̀, àti omi tí a fi se iṣu. Wàrà ló ń kẹ́yìn.

Gbogbo èyí, mo dá a kọ́ ara mi nínú yàrá kan ṣoṣo tí mo ń gbé. Obìnrin àgbà kan tí a ń pè ní Tata, tó ń gbé yàrá kejì, máa ń yọjú wo ìkòkò mi láràárọ̀. Ní ọjọ́ kan ó ní, "Zémì, ṣé ilé lo fẹ́ kọ́ ni? Bó bá jẹ́ ilé ni, amọ̀ rẹ ti tó rẹ́." Mo ní kó fara balẹ̀, pé ìmọ̀ ń bọ̀.

Nígbà tí àkókò ebè dé, bàbá àna mi ránṣẹ́ pè mí fún ọ̀wẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tó ń fẹ́ ọmọ ẹni gbọ́dọ̀ kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá kọ ebè iṣu fún bàbá ọmọ. Mo kó àwọn zémì ẹgbẹ́ mi lọ, àwọn tí ọwọ́ wọn mọ̀ nípa bíréèkì ju ọkọ́ lọ. A dé Kika nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́. Bí a ti ń sinmi, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé lọ́dọọdún, ọbẹ̀ àárọ̀ tí wọ́n ń gbé lọ sóko kì í dé. Ọ̀nà náà kún fún kòtò àti gbòǹgbò igi; ọbẹ̀ a dà sílẹ̀ tán, òun a sì fi iyọ̀ jẹ iṣu lórí ilẹ̀ ara òun.

Kí ni mo wá ń ṣe tí mo lanu?

"Bàbá, ọbẹ̀ tèmi kò ní dànù."

Ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó fún mi ní ìmọ̀ràn bíbù mẹ́ta yẹn, tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ jù.

"Ta ló máa sè é?" ni bàbá béèrè.

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ tó wá kọ ebè?"

"Màá kọ ebè bí mo bá sè é tán, Bàbá."

Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eyín rẹ̀. "Voilà!" ni ó wí. "Ó dára. Bí ọbẹ̀ rẹ bá dé oko, tí mo sì fi jẹ iṣu, a ó dá ọjọ́ ìgbéyàwó yín lọ́la níbẹ̀. Bí mi ò bá rí i fi jẹ iṣu, wá kọ ebè ọdún tó ń bọ̀ náà kí n tó lanu sọ̀rọ̀ ìyàwó."

Àfẹ́sọ́nà mi fà mí lọ sí ẹ̀yìn ilé. "Ọdún kan gbáko! Nítorí ọbẹ̀! Ṣé orí rẹ pé?"

Mo ní ó pé.

Ní àfẹ̀mọ́jú mo wọ ilé ìdáná. Ọbẹ̀ ń lọ dáadáa, àwọ̀ ẹ̀lùbọ́ dà bíi kajú gẹ́lẹ́. Àmọ́ ìbẹ̀rù wọ̀ mí. Mo fi ṣíbí ẹ̀lùbọ́ kan kún un nítorí kòtò. Mo fi òmíràn kún un nítorí gbòǹgbò. Mo tún fi ọ̀kan tó kún àkúnwọ́sílẹ̀ kún un nítorí ìgbéyàwó. Ìyá àna mi wo inú ìkòkò, ó mi orí.

"Ọkọ ọmọ mi, ẹ̀lùbọ́ kì í sùn o. Bí o bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ṣì ń mu omi."

"Mo mọ̀, Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni mo wí. Mi ò mọ̀.

Àfẹ́sọ́nà mi jókòó sẹ́yìn mi lórí alùpùpù, ó gbé abọ́ ọbẹ̀ onídérí lé itan. Bí a bá ti bọ́ sí kòtò, màá kígbe pé, "Ó dànù?" Yóò ní, "Kò dànù." Kòtò mìíràn: "Ó dànù?" "Mo ní kò dànù, wo iwájú!" Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fèrè alùpùpù kí àwọn ẹyẹ. Mo rò pé ọwọ́ mi ló dára bẹ́ẹ̀.

A dé oko. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti kọ ebè mélòó kan tó dà bí ibi tí òkété ti ń jà. Bàbá jókòó lábẹ́ igi, iṣu gbígbóná níwájú rẹ̀. Ó ṣí abọ́, ó ki iṣu bọ̀ ọ́. Iṣu dá. Ó mú ṣíbí gún un. Ṣíbí dúró ṣánṣán bí òpó iná. Ó wò mí, ó gbé abọ́ sókè, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Gbogbo wa sá sẹ́yìn. Nǹkan kan kò jábọ́. Ó gbọ̀n ọ́n. Nǹkan kan kò jábọ́.

"Ó dé o," ni ọ̀rẹ́ mi wí. "Ó dé débi pé kò ní lọ mọ́."

Ẹ̀rín gba oko. Ẹnì kan ní kí a fi dí kòtò tí a gbà kọjá. Òmíràn béèrè bóyá mo tún ní èyí tó dúdú, òun fẹ́ fi ṣe táyà. Bàbá àna mi fa àdá yọ, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó gé ọbẹ̀ mi bí ẹni gé ọṣẹ, ó sì gbé ègé náà sókè sí oòrùn.

"Ebè ọdún tó ń bọ̀..." ni ó bẹ̀rẹ̀.

Ọdún kan gbáko ń bọ̀ wá jókòó lé mi lórí.

"Ẹ dúró ná, Bàbá," ni àfẹ́sọ́nà mi wí. Ìkòkò iṣu ṣì ń hó lórí iná. Ó bu omi iṣu gbígbóná, ó dà á lé ọbẹ̀ lórí, ó ṣẹ́ igi, ó bó èèpo rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Ọ̀rẹ́ mi bá a di abọ́ mú. Ọbẹ̀ náà kọ̀, ó kọ̀, lẹ́yìn náà ó rọ̀. Òórùn Kika tún dìde. Àfẹ́sọ́nà mi kúnlẹ̀, ó gbé e síwájú bàbá rẹ̀.

Bàbá ki iṣu bọ̀ ọ́. Ó jẹ ẹ́. Ó tún ki òmíràn bọ̀ ọ́. Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì nínú àgbà. Ti ọjọ́ yẹn kò tilẹ̀ mì lójú rẹ̀. Ó ṣa gbogbo wàrà jẹ kó tó gbórí sókè.

"Ta ló kọ́ ọ pé kí o da omi sí i?"

"Kò sẹ́ni, Bàbá. Mo rí i pé òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́ ni."

Ó nu ẹnu. "Ọkùnrin yìí kò gbọdọ̀ dá ọbẹ̀ sè láyé. Fẹ́ ẹ kíákíá, ọmọ mi, kó tó fún ẹlòmíràn ní bíríkì jẹ." Ó wá yíjú sí mi. "Àmọ́ ọkọ́ rẹ dà?"

Mo kọ ebè lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Òjò kìíní ló wó wọn.

Ọmọ wa àgbà ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ báyìí, ọdọọdún ni mo sì ń gbé ọbẹ̀ lọ sí oko bàbá rẹ̀ àgbà. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo rò pé ohun tí a bá fẹ́ kó má dànù, kí a sọ ọ́ di líle ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí ọ̀nà yóò bá wa ṣe. Mo máa ń sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ nísinsìnyí nígbà tó ṣì ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, kí kòtò àti gbòǹgbò bá mi ro ìyókù. Ìyàwó mi ní ohun tí òun ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bóyá. Alùpùpù ń pariwo, mi ò gbọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣíbí ẹ̀lùbọ́ méjì ààbọ̀ ni mo fi sí ìkòkò ènìyàn mẹ́wàá. Ó dé oko láìsí omi gbígbóná, ó dì mọ́ iṣu, bàbá sì bù ú lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó dànù lọ́nà jẹ́ ẹ̀kán mẹ́ta: méjì lórí ṣòkòtò mi, ọ̀kan ní imú ìyàwó mi, òun sì ti lá a kí n tó lè wọ̀n ọ́n.