Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Dọ̀bálẹ̀

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó mọ kẹ̀kẹ́ẹ́ gùn, ọmọ mi obìnrin ló sì kọ́ mi. Ọdún tí bàbá rẹ̀ kú ni. Ó ti kó lọ sí Brockley nígbà náà, ó rí i pé mo kàn ń jókòó lásán nínú ilé ní Peckham, ní London níbí. Ló bá di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú lẹ́yìn mi ní pápá Peckham Rye títí mo fi lè dá gùn ún. Àwọn ìyá mọ́sálásí wa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Kò kàn mí. Láti ìgbà náà, gbogbo àárọ̀ Sátidé la jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, tí a ó máa sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ àti ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Mi ò lè fi Sátidé yẹn ṣeré.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé kẹ̀kẹ́ mìíràn dé. Ó dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àfi bí ẹni pé ebi ń pa á.

"Kí lèyí?"

"It's a tri bike, Mummy. Ẹ ò rí i bó ṣe fine?"

Tráì ni mo gbọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ní òun ń tráì nǹkan, ó ń dán an wò ni. Mo gbà pé ṣọ́ọ̀bù ló yá a fún un, pé yóò dá a padà.

"Ó dáa," ni mo wí, "ṣáà tráì ẹ̀ dáadáa."

"I will, Mummy."

Ó fi bó ṣe yàtọ̀ hàn mí. Kẹ̀kẹ́ ojú títì tí a máa ń gùn, ọwọ́ rẹ̀ ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò. Ibi tí ọwọ́ ẹni bá wà, ibẹ̀ náà ni bíréèkì àti jíà wà. Ti èyí, ọ̀pá méjì ló nà síwájú, orí wọn ni jíà wà, bíréèkì wà lọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n ń gbé lé tìmùtìmù kékeré, ìjókòó rẹ̀ sì sún síwájú. Ó gùn ún, àyà rẹ̀ lọ sílẹ̀ pẹrẹsẹ.

"Ọmọbìnrin tó ń dọ̀bálẹ̀!" ni mo pariwo. "Ìkúnlẹ̀ ni mo kọ́ ẹ o!"

"Mummy, it's for the wind! Kó lè gba orí mi kọjá ni."

"Atẹ́gùn ò sì ní kí o dìde?"

Ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè gùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tí ọwọ́ bá ti wà níwájú lọ́hùn-ún, ó jìnnà sí bíréèkì. Bí mo bá yà lójijì, a ó kọlu ara wa. Ó dùn mí. Mo fi ẹ̀rín bò ó.

"Kò burú. Tó o bá ṣe tán, wàá pè mí."

Kò pè. Sátidé kan kọjá, òmíràn tẹ̀lé e. Mo ń nu kẹ̀kẹ́ mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń bínú sí ṣọ́ọ̀bù tí kò béèrè ọjà rẹ̀. Àárò ọmọ mi ń sọ mí gan-an, mo sì dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Nígbà tó yá, ó fi ẹsẹ̀ wá lọ́jọ́ Sunday kan. Kò tilẹ̀ jókòó.

"Mummy, ṣé mo ti sú yín ni?"

"Èmi? Mo ń dúró kí o dá kẹ̀kẹ́ yẹn padà ni!"

"Dá a padà? Sí ibo?"

"Ṣé kì í ṣe pé o kàn ń tráì ẹ̀?"

Ó wò mí, ó tún mi wò. "T-R-I, Mummy! Three things. Swim, bike, run." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìdíje ló fẹ́ lọ. Ó ní ìdí tí ìjókòó rẹ̀ fi sún síwájú nìyẹn, kí agbára lè ṣẹ́ kù lẹ́sẹ̀ fún eré sísá. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ṣì wà nílé rẹ̀, tìtorí Sátidé wa.

"Kí ló dé tí o ò gbé e wá?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Mo máa ń gbé e wá. Ẹ ò pè mí, mo rò pé ẹ ń bínú sí mi nítorí kẹ̀kẹ́ tuntun yẹn ni. Every Saturday, mo máa ń gùn ún dé iwájú flat yín, mo á wo window. Tí mi ò bá ti rí yín, mo á yí padà."

Mo fà á mọ́ra, mo sunkún sí i léjìká. Ní gbogbo àárọ̀ wọ̀nyẹn, inú kíṣìnì ni mo máa ń wà, akoto ti wà lórí mi, tí mò ń retí ìpè rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ni fèrèsé ibẹ̀ kọjú sí.